Ṣé lóòótọ́ ni ìwé mímọ́ àwọn Híńdù kọ́ni pé ènìyàn ni Ọlọ́run?

Àbíkẹ́_Leicester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó kàwé nípa ẹ̀sìn pọ̀ níbí. Ìlú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé. Àwọn Híńdù ará Gujarat pọ̀ níbí gan-an. Bí wọ́n bá ń ṣọdún Diwali wọn, gbogbo Belgrave Road a mọ́lẹ̀ rekete. Obìnrin kan lára wọn ni àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. A máa ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run láìjà. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n yé wá Brahman kiri (orúkọ tí púpọ̀ nínú wọn ń pe ohun tó ga jù lọ), pé kò jìnnà sí mi rárá. Mo sọ ọ́ fún arábìnrin kan ní ìjọ wa, ló bá figbe ta: “Ó ń sọ fún ọ pé ìwọ ni Ọlọ́run! Ohun tí ìwé wọn kọ nìyẹn!”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìwé wọn kọ gan-an? Ṣé Ọlọ́run kan ni wọ́n ní àbí ẹgbẹ̀rún? Ṣé wọ́n sọ pé ènìyàn ni Ọlọ́run? Kì í ṣe èébú ni mo fẹ́ o. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ gbà gbọ́.

Díákónì_Sam:
Arábìnrin Àbíkẹ́, ẹni tó kìlọ̀ fún yín níjọ kò ṣìnà. Èmi náà ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ni ní yoga: “Ìwọ ni ìyẹn.” Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 3, ohun tí ejò sọ fún Éfà nìyẹn, pé ẹ̀yin yóò dà bí Ọlọ́run. Ìgbéraga ló bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra.

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Díákónì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àbíkẹ́ ọmọ mi, o bi ìbéèrè rere. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ìwé yìí sì wà lára ohun tí n kì í lè gbé sílẹ̀ bí mo bá ti ṣí wọn. Ẹ jẹ́ ká dá gbólóhùn tí Díákónì mú wá yẹn padà síbi tí wọ́n ti já a, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Inú Chandogya Upanishad, orí kẹfà, ló ti wá. Àwọn Upanishad ni apá ìkẹyìn nínú àwọn ìwé Veda, ìwé mímọ́ àtijọ́ àwọn Híńdù, àwọn tó dàgbà jù nínú wọn sì ti wà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Uddalaka Aruni. Nígbà tí Shvetaketu ọmọ rẹ̀ pé ọdún 12, ó ní kó lọ gbé lọ́dọ̀ olùkọ́, pé nínú ìdílé àwọn kò sí ẹni tó ń jẹ́ àlùfáà kìkì nítorí pé wọ́n bí i síbẹ̀. Ọmọ lọ. Ọdún 24 ló pé kó tó padà wálé, ó sì ti ka gbogbo Veda tán. Ìwé náà kò fi bò: ó dé tòun ti ìgbéraga, ó ń wo ara rẹ̀ bí ọ̀mọ̀wé, kò ka ẹnikẹ́ni sí. Bàbá wò ó, ó ní: “Shvetaketu, nígbà tí o ti mọ̀wé tó báyìí, ǹjẹ́ o bi wọ́n ní ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbọ́ ọ, ohun tí kò gbọ́ rí ti di gbígbọ́, ohun tí kò mọ̀ rí ti di mímọ̀?” Ọmọ ní, “Bàbá, ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?”

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá mọ ìṣù amọ̀ kan ti mọ gbogbo ohun tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Orúkọ ló yàtọ̀, amọ̀ ni òtítọ́ ibẹ̀. Ó ní ní àtètèkọ́ṣe, Wíwà nìkan ló wà, ọ̀kan ṣoṣo, kò sí èkejì. Ó ní kí ọmọ má jẹun fún ọjọ́ 15, omi nìkan ni kó máa mu. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó ní, “Ó yá, ka Veda fún mi.” Ọ̀mọ̀wé la ẹnu, kò rí ẹyọ kan ṣoṣo rántí. “Lọ jẹun.” Ó jẹun tán, gbogbo ẹ̀ padà sí i lórí.

Lẹ́yìn èyí ló ní kó já èso igi nyagrodha kan wá, igi ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò balẹ̀.
“Là á.” “Mo ti là á.”
“Kí lo rí?” “Hóró wẹ́wẹ́, bàbá.”
“La ọ̀kan nínú wọn.” “Mo ti là á.”
“Kí lo rí?” “N kò rí nǹkan kan.”
Bàbá ní, “Ọmọ mi, ohun tín-ín-rín tí ojú rẹ kò rí yẹn ni igi ràbàtà yìí ti hù jáde.”

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kó da iyọ̀ sínú omi, kó padà wá láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ní, “Bá mi mú iyọ̀ àná jáde.” Ọmọ ki ọwọ́ bọ omi, ó wá a títí, kò rí i. “Mu ún láti òkè. Báwo ló ṣe rí?” “Iyọ̀.” “Mu ún láti àárín.” “Iyọ̀.” “Mu ún láti ìsàlẹ̀.” “Iyọ̀.” Bàbá ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Wíwà náà ṣe wà níhìn-ín tí ojú rẹ kò rí i. Òun ni òtítọ́, òun ni Atman, ìyẹn ẹni inú lọ́hùn-ún, ìwọ ni ìyẹn, Shvetaketu.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni bàbá sọ gbólóhùn yẹn ní orí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń sọ ọ́ fún: ọmọ tó ti rò pé òun ti dé òpin ìmọ̀. Kò sọ fún un pé ìwọ Shvetaketu, tìwé-tìwé, torúkọ-torúkọ, ni Ọlọ́run. Ó ti fi ebi hàn án pé ìwé tó kà pàápàá, orí oúnjẹ ló dúró lé. Ohun tó ń sọ ni pé ìpilẹ̀ rẹ wà níbi tí ojú rẹ kò tó, ibẹ̀ náà sì ni ìpilẹ̀ igi, odò àti oyin wà. Ẹni tó bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbéra ga kò ka orí náà látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni “ìyẹn” tí bàbá wí wá jẹ́? Níbẹ̀ ni àwọn Híńdù fúnra wọn ti ń bá ara wọn jiyàn láti ìgbà láéláé. Màá padà wá sórí rẹ̀, ojú ń ro mí.

Ọmọ_Ọ̀ṣun:
Bàbá Tísà, orí mi wú! Ẹ̀yin ará, èyí kò jìnnà sí tiwa o. Olódùmarè kan ṣoṣo, irúnmọlẹ̀ lọ súà. A kì í gbẹ́ ère Olódùmarè, a kì í kọ́ ojúbọ fún un. Ẹ̀mí tó wà nínú wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà là ń sọ?

Alfa_Ìwó:
As-salāmu ʿalaykum. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn Mùsùlùmí tó kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ yìí kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ nípa wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1030, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ al-Biruni kọ ìwé ńlá kan nípa Íńdíà lẹ́yìn tó ti kọ́ èdè Sanskrit. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé Híńdù gbà pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, ayérayé, kò ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ní òpin. Pé àwọn gbáàtúù ló ń ṣe ère. Ó bá wọn jiyàn lórí ohun púpọ̀, kò sì pọ́n wọn, ṣùgbọ́n ó kọ ohun tó rí.

Ẹnì kejì ni Dara Shikoh, ọmọ ọba Shah Jahan tó kọ́ Taj Mahal. Ní ọdún 1657, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìlú Banaras túmọ̀ 50 Upanishad sí èdè Páṣíà. Ó gbà pé ìwé tí a pa mọ́ tí Àlùkùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Sūratul Wāqiʿah nìyẹn. Èmi kò bá a gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ wa kò sì gbà. Aurangzeb àbúrò rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì pa á ní 1659. Ìtumọ̀ Páṣíà rẹ̀ ni ará Faransé kan, Anquetil-Duperron, sọ di Látìn ní 1801 sí 1802, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ́kọ́ kà á. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ gbà gbọ́, bí Àbíkẹ́ ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yìí.

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ àlàyé kan.

Ọmọ Ọ̀ṣun, o ríran dé ibì kan, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ ká fi tipátipá so wọ́n pọ̀. Wo ibi tí wọ́n ti jọra ná. Nínú Brihadaranyaka Upanishad, ẹnì kan tó ń jẹ́ Shakalya dìde níwájú Janaka ọba Videha, ó bi Yajnavalkya, ọ̀mọ̀wé ńlá inú ìwé náà, pé, “Òrìṣà mélòó ló wà?” Ó ní 3306. “Ó dáa, mélòó gan-an?” 33. “Mélòó gan-an?” Mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà ọ̀kan àbọ̀, ní ìgbẹ̀yìn, ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni ọ̀kan náà, ó ní Èémí ni, Brahman ni wọ́n ń pè é. (Ẹ má ṣe rò pé Brahma olórí mẹ́rin tó ń dá ayé ni mò ń sọ o, òrìṣà nìyẹn, Brahman ga jù ú lọ.) Àbíkẹ́, ìdáhùn “ọ̀kan àbí ẹgbẹ̀rún” nìyẹn: wọn kò pa ẹgbẹ̀rún náà run, wọ́n ká wọn wọ inú ọ̀kan.

Kena Upanishad tún sọ ìtàn kan tó yẹ kí onísìn òrìṣà kà. Àwọn òrìṣà ṣẹ́gun, wọ́n ń yangàn pé agbára àwọn ni. Brahman bá fara hàn wọ́n bí ẹ̀mí àjèjì kan, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rán Agni, ẹni tó ni iná, pé kó lọ wò ó. Àjèjì náà gbé ewéko kan ṣoṣo kalẹ̀: “Jó o.” Agni sa gbogbo agbára rẹ̀, ewéko kò jó. Vayu, ẹni tó ni afẹ́fẹ́, lọ: “Gbé e lọ.” Ewéko kò mì. Indra lọ, àjèjì náà pòórá, obìnrin kan tó rẹwà, Uma ọmọ Himavat, ló dúró níbẹ̀, òun ló sọ fún Indra pé Brahman ni ẹ rí yẹn, ìṣẹ́gun rẹ̀ lẹ fi ń yangàn.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa rèé. Lọ́dọ̀ wa, Ọbàtálá mọ ara, Olódùmarè mí èémí sí i. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá wà lọ́tọ̀, ohun tó ń dá wà lọ́tọ̀. Mundaka Upanishad ní aláǹtakùn ni, inú ara rẹ̀ ló ti ń ta òwú jáde, inú ara rẹ̀ náà ló sì ń fà á padà sí. Ayé kò ti ibòmíràn wá. Àwọn bàbá wa kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa Olódùmarè, kò sì yẹ ká sọ ọ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọmọ_Ọ̀ṣun:
Ó yé mi, sà. Ìtàn ewéko yẹn dára púpọ̀. Mo ṣì gbà pé wọ́n súnmọ́ra, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Fẹ́mi_Ẹnjiníà:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń ka Upanishad láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, n ó sì béèrè ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nínú rẹ̀. Shankara, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwọn tó ṣàlàyé ìwé yìí, ní Brahman nìkan ló wà ní tòótọ́. Kò ní àwọ̀, kò ní ìrísí, kò ní ìwà kan tí èèyàn lè pe orúkọ rẹ̀. Ayé tí à ń rí dà bí ẹni tó rí okùn nínú òkùnkùn, tó pè é ní ejò, tó sá. Bí wọ́n bá gbé fìtílà wọlé, ejò kò lọ síbì kan, torí kò sí níbẹ̀ rí. Ó dáa. Ta wá ló ṣi okùn mú? Bí Brahman nìkan ló wà, tó sì jẹ́ ìmọ̀ pátápátá, Brahman kò lè ṣìnà. Bí ẹ bá ní èmi ni mo ṣìnà, èmi fúnra mi wà lára ohun tí àṣìṣe náà bí. Ọmọ kò lè bí ìyá rẹ̀. Mo ti bi àwọn tó fẹ́ràn Advaita, ìyẹn ẹ̀kọ́ Shankara, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Fẹ́mi, o káre. Ìbéèrè tí o bi yẹn gan-an ni Ramanuja bi Shankara ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó díẹ̀, torí níbí ni ìbéèrè Àbíkẹ́ ti máa rí ìdáhùn.

Kaladi ní Kerala, ìsàlẹ̀ Íńdíà, ni Shankara ti wá. Ohun tó dì mú jù nínú ìwé ni “neti, neti”: kì í ṣe èyí, kì í ṣe ìyẹn. Yajnavalkya ló sọ ọ́. Obìnrin kan, Gargi ọmọ Vachaknu, dìde níwájú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ọkùnrin tó jókòó sáàfin Janaka, ó ní ìbéèrè òun dà bí ọfà méjì lọ́wọ́ jagunjagun. Ó bi í: kí ni wọ́n hun gbogbo ohun tó wà lókè ọ̀run àti nísàlẹ̀ ilẹ̀ mọ́, àti àná àti òní àti ọ̀la? Ó ní òfuurufú. Kí ni wọ́n wá hun òfuurufú mọ́? Yajnavalkya ní Ohun Tí Kì Í Ṣègbé ni: kì í ṣe nínípọn, kì í ṣe tínínrín, kì í ṣe kúkúrú, kì í ṣe gígùn, kò ní òjìji, kò ní òkùnkùn, kò ní ojú, kò ní etí. Gargi yíjú sí àwọn ọkùnrin, ó ní kí wọ́n lọ jókòó, kò sẹ́ni tó máa borí ọkùnrin yìí nínú wọn.

Irú ibi báyìí ni Shankara fi ìdí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé. Kò sọ pé ayé jẹ́ òfo o. Ó ní òtítọ́ ní ìpele méjì. Ní ìpele tí à ń gbé lójoojúmọ́, Ọlọ́run ń bẹ, ó ń gbọ́ àdúrà, ó ń dá ayé, ìwà rere sì ṣe pàtàkì. Ní ìpele tó ga jù, Brahman nìkan ló kù. Nípa ẹni tó ṣìnà, ó ní àìmọ̀ náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí a lè tọ́ka sí.

Ramanuja kò gbà. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ka ayé rẹ̀ sí 1017 títí dé 1137, Srirangam nílẹ̀ Tamil ni ó sì ti ṣiṣẹ́ jù. Ó to àtakò méje lé ẹ̀kọ́ àìmọ̀ yìí lórí, èyí àkọ́kọ́ ni ibi tí àìmọ̀ náà ń gbé, bí ìwọ náà ṣe bi í. Ìwé tó gbé wá síwájú wà nínú Brihadaranyaka yẹn náà. Ẹni tó bi Yajnavalkya ní ìbéèrè níbẹ̀ ni Uddalaka Aruni, bàbá Shvetaketu fúnra rẹ̀! Ìdáhùn tó gbà ni pé: ẹni tó ń gbé inú ilẹ̀, tó yàtọ̀ sí ilẹ̀, tí ilẹ̀ kò mọ̀, tí ilẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀, tó ń darí ilẹ̀ láti inú, òun ni Atman rẹ, olùdarí inú, aláìkú. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípa omi, iná, oòrùn, ojú, etí, títí lọ. Ramanuja ní ẹ kò rí i? Gbogbo ayé àti gbogbo ọkàn jẹ́ ara Ọlọ́run, òun ni ọkàn wọn. Ìwọ kì í ṣe òun, ṣùgbọ́n o kò lè wà ní ìṣẹ́jú kan láìsí i. “Ìwọ ni ìyẹn” túmọ̀ sí pé ẹni tó jẹ́ ọkàn ọkàn rẹ náà ni ìpilẹ̀ ayé. Ọlọ́run yìí kún fún ìwà rere: ó mọ̀, ó fẹ́, ó ṣàánú. “Kì í ṣe èyí” kàn ń sọ pé kò ní àbùkù ni, kò sì mọ síbi tí ọ̀rọ̀ wa mọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Madhva ti Udupi dé, 1238 sí 1317. Ó ní ìyàtọ̀ ni òtítọ́: Ọlọ́run yàtọ̀ sí ọkàn, ó yàtọ̀ sí ohun tí kò lẹ́mìí, ọkàn kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ó rán wa létí ẹyẹ méjì inú Mundaka, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ tó bà lé igi kan náà, ọ̀kan ń jẹ èso, èkejì ń wò láìjẹ. Tí ẹ bá bi í léèrè gbólóhùn Shvetaketu ńkọ́, á ní bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ Sanskrit pọ̀, ẹ lè tú u sí “ìwọ kì í ṣe ìyẹn”, pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kà á. Ọ̀pọ̀ ló ní ó fi agídí fa ìwé ya níbẹ̀, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ méjì rẹ̀ kò ṣe é sá fún.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ àlàyé sórí Brahma Sutra kan náà, ìwé kékeré tó kó ẹ̀kọ́ Upanishad jọ, àti Bhagavad Gita kan náà, ìwé tí Krishna ti ń kọ́ Arjuna. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “ìwé àwọn Híńdù ní ènìyàn ni Ọlọ́run,” ẹ bi í pé: ìwé lẹ́nu ta ni?

Díákónì_Sam:
Tísà, mo kà á látòkè délẹ̀. Ramanuja yẹn, ohun tó sọ súnmọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ ní Áténì, pé nínú rẹ̀ ni àwa wà láàyè, tí à ń rìn kiri, tí a sì ní ẹ̀mí wa. Mo gbọ́. Ti Shankara ni n kò lè gbà. Bí Ọlọ́run tí mò ń gbàdúrà sí bá wà ní ìpele kejì, tí òkè rẹ̀ jẹ́ ohun tí kò gbọ́ kò fọ̀, ta ló fẹ́ mi? N kò sọ ọ́ láti fi bú ẹnikẹ́ni. Mo dúró lórí rẹ̀ ni.

Bùkọ́lá_Mímọ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, torí èmi máa ń jókòó ti àwọn Hare Krishna l’Ékòó, àwọn tó ń sin Krishna bí Ọlọ́run, mo sì ti bá wọn ka Bhagavad Gita. Ohun tí Díákónì sọ yẹn, Arjuna tó jẹ́ jagunjagun ti bi Krishna ní orí 12. Ó ní nínú àwọn tó ń sin ìwọ tí a rí àti àwọn tó ń wá Ohun Tí A Kò Rí tí kì í ṣègbé, ta ló tọ̀nà jù? Krishna ní àwọn tó fi ọkàn tọ òun lẹ́yìn ni. Kò ní àwọn yòókù kò ní dé o. Ó ní àwọn náà á dé ọ̀dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ìyà wọn pọ̀, torí ọ̀nà aláìlójú yẹn le fún ẹni tó ní ara. Ní orí 14 ó tún ní Brahman fúnra rẹ̀, orí òun ló dúró lé.

Ọ̀dọ̀ Chaitanya ará Bengal, 1486 sí 1534, ni àwọn Hare Krishna ti ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé ọkàn jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú Ọlọ́run, ó sì tún yàtọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́nà tí làákàyè kò lè ká. Wọ́n máa ń ka ẹsẹ kan nínú Bhagavata Purana, ìwé mímọ́ wọn mìíràn tó sọ ìtàn Krishna, tó ní àwọn tó mọ òtítọ́ tí kò ní èkejì ń pè é ní Brahman, wọ́n ń pè é ní Paramatma tó ń gbé inú ọkàn, wọ́n ń pè é ní Bhagavan, Olúwa tó ṣe é bá sọ̀rọ̀. Fún àwọn, orúkọ kẹta ló kún jù. Ohun tó mú mi dúró tì wọ́n ni ẹsẹ kan ní orí 9 Gita: ẹni tó bá fi ìfẹ́ fún mi ní ewé kan, òdòdó kan, èso kan tàbí omi, màá gbà á.

Fẹ́mi_Ẹnjiníà:
Bàbá Tísà, a dúpẹ́. N kò mọ̀ pé Ramanuja ti bi í ṣáájú mi, màá wá àtakò méje yẹn kà. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé wọn ni orin kan nínú Rigveda, ọ̀kan nínú àwọn Veda, ìwé kẹwàá, orin 129. Ẹsẹ méje péré ni. Ó ní nígbà yẹn kò sí wíwà, kò sí àìwà. Kò sí ikú, kò sí àìkú. Ọ̀kan yẹn ń mí láìsí afẹ́fẹ́. Ta ló mọ ibi tí ayé ti wá? Àwọn òrìṣà pàápàá, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n dé. Ẹsẹ tó kẹ́yìn ní ẹni tó ń wò ó láti òkè ọ̀run, òun ló mọ̀, tàbí bóyá òun náà kò mọ̀. Èmi kò tíì rí ìwé ẹ̀sìn mìíràn tó lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ láìpa á rẹ́.

Alfa_Ìwó:
Fẹ́mi, nínú tiwa, Allāhu ni Al-ʿAlīm, Onímọ̀, kò sí “bóyá” níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó gba ìgboyà láti béèrè.

Àbíkẹ́_Leicester:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síbi iṣẹ́. Mo bi obìnrin náà pé àwọn wo ni tiwọn nínú gbogbo èyí tí Bàbá Tísà tò. Ó ní ọmọlẹ́yìn Swaminarayan ni ìdílé àwọn. Mo bi í tààrà pé ṣé òun ni Ọlọ́run? Ó dijú, ó mi orí. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń gbàdúrà nílé àwọn ni pé, “Akshar ni mí, ìránṣẹ́ Purushottam ni mí.” Ó ní ìránṣẹ́ ni kí n mú dání nínú gbólóhùn náà. Bàbá Tísà, kí nìyẹn?

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Inú mi dùn pé o bi í fúnra rẹ. Ní Gujarat ni Swaminarayan ti kọ́ni jù, 1781 sí 1830 ni ayé rẹ̀. Nínú ẹ̀ka tí àdúrà yẹn ti wá, wọ́n ní ohun márùn-ún ló wà títí ayé: ọkàn èèyàn, àwọn òrìṣà tó ń ṣàkóso ayé, Maya tó jẹ́ èròjà ayé, Akshar tí wọ́n tún ń pè ní Brahman, àti Purushottam, Ọlọ́run tó ga ju gbogbo wọn lọ. Orí 15 nínú Gita ni orúkọ wọ̀nyẹn ti jáde: ohun tó ń ṣègbé, ohun tí kì í ṣègbé, àti Ẹni Gíga Jù tó kọjá méjèèjì.

Nígbà tó ní Brahman kò jìnnà sí ọ, Akshar ló ń sọ. Wọ́n fẹ́ kí ọkàn mọ́ títí yóò fi rí bí Akshar, nítorí Akshar ni ìránṣẹ́ tó pé jù, kí òun náà lè wá sin Purushottam bí ó ti yẹ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó rò pé òun máa di Purushottam láéláé. Wàá rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú Shankara rárá, síbẹ̀ inú Upanishad àti Gita kan náà ni wọ́n ti kà á.

Díákónì, ìbéèrè yín lórí ta ló fẹ́ yín, n kò ní fi ọwọ́ kékeré mú un. Ohun tí Ramanuja fi gbogbo ayé rẹ̀ dáhùn nìyẹn.

Àbíkẹ́_Leicester:
Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ìjọ. Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ kà, sà? N kì í ráyè púpọ̀, àfi nínú bọ́ọ̀sì.

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Katha Upanishad, ó kúrú. Ọmọdé kan tó ń jẹ́ Nachiketas lọ sílé Ikú, ó bá a tí kò sí nílé, ó dúró dè é ní òru mẹ́ta láìjẹun. Nítorí ìyẹn, Ikú fún un ní ẹ̀bùn mẹ́ta. Nígbà tó béèrè pé kí ló kù lára èèyàn lẹ́yìn ikú, Ikú bẹ̀ ẹ́ pé kó gba wúrà, màlúù, ẹṣin àti ẹ̀mí gígùn dípò rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Kà á tán kí o tó kà Chandogya orí kẹfà, kí o tó wá bọ́ sórí Gita. Bí o bá dé orí 12 àti 15, jọ̀ọ́, bá obìnrin náà kà wọ́n pọ̀ níbi iṣẹ́, kó sọ bí wọ́n ṣe ń kà á nílé wọn fún ọ.

Bùkọ́lá_Mímọ́:
Àbíkẹ́, bí o bá dé orí 11 Gita, má kà á ní òru. Ìrísí tí Krishna fi han Arjuna níbẹ̀ ń bani lẹ́rù.

Díákónì_Sam:
Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí Ramanuja ti dáhùn yẹn, orúkọ ìwé rẹ̀?

Tísà_Ògbómọ̀ṣọ́:
Vedarthasamgraha ni, Díákónì. Ó kéré sí àlàyé rẹ̀ lórí Brahma Sutra, ó sì yé èèyàn jù ú lọ. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì wà.